Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Fọ́sífétì

Ní ọdún 1973, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ta aṣọ ìkélé oníke la àárín adágún kékeré kan kọjá. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn adágún agbègbè ìwádìí náà. 226 ni ti eléyìí. Wọ́n da ṣúgà àti náítíréètì sí apá méjèèjì, kí kábọ̀n àti náítírójìn má baà wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n da fọ́sífétì, ọ̀kan lára àwọn èròjà inú ajílẹ̀, sí. Kò pẹ́ rárá tí apá yẹn fi di àwọ̀ ewé, tí èkejì sì mọ́ bó ṣe wà. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ láti òkè, àwòrán náà sì rìn káàkiri ayé.

David Schindler ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé álígì ti gba Adágún Erie, tó wà láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, débi pé àwọn èèyàn ń sọ pé adágún náà ti kú. Álígì ni ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, tí a máa ń rí lára òkúta odò, tàbí nínú àmù tí a kò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, tí fọ́sífétì pọ̀ nínú ọjà wọn, ní kábọ̀n ló fà á, kì í ṣe ọṣẹ àwọn. Adágún 227 ti kọ́kọ́ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kábọ̀n wọ́n nínú omi rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da fọ́sífétì àti náítírójìn sí i láti 1969, álígì bò ó. Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti ń fa kábọ̀n tó kù wọlé. Adágún 226 wá fi èdìdì dì í. Wọ́n dín fọ́sífétì inú ọṣẹ kù ní Kánádà àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ṣe ayé lóore.

Ibi tí àwọn ẹlòmíì gbé òtítọ́ yìí lọ ni ìtàn mi dá lé.

Àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n ń gbin ewé sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Kì í ṣe ewé oníke tí a ń rí nínú àpótí ẹja òtẹ́ẹ̀lì; ewé gidi ni, tó ta gbòǹgbò sínú iyanrìn abẹ́ omi. Álígì ni ọ̀tá wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìtàn adágún, wọ́n ní fọ́sífétì ló ń bí álígì, ẹni tó bá ti lé e kúrò nínú omi ti bọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn ará Kánádà méjì, Paul Sears àti Kevin Conlin, gbé èrò náà kalẹ̀ lọ́nà tó mọ́gbọ́n wá. Wọ́n po ajílẹ̀ olómi kan tó ní náítíréètì, potásíọ̀mù, magnésíọ̀mù, irin àti àwọn èròjà kéékèèké mìíràn, ṣùgbọ́n tí kò ní fọ́sífétì rárá. Èrò wọn ni pé bí ewé bá rí gbogbo ìyókù jẹ yó, yóò gbá ìwọ̀nba fọ́sífétì tó wà nínú omi mọ́, ebi yóò sì pa álígì. Àpótí wọn mọ́ lóòótọ́. Mo gbà pé oore ni wọ́n ṣe, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ẹ̀rù ń bà tẹ́lẹ̀ láti da ajílẹ̀ kankan sínú omi ẹja.

Lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Èrò di òfin. Wọ́n ń ra ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn fọ́sífétì, wọ́n ń ra èròjà tó ń fa fọ́sífétì mu, wọ́n ń kó o sínú asẹ́ omi. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọn ò rí nǹkan kan, inú wọn dùn. Lẹ́yìn náà, ewé kò dàgbà mọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ń rán, ó ń dúdú. Àwọn àgbà ewé ń rẹ̀, wọ́n ń já bọ́. Àmì aláwọ̀ ewé tó-tò-tó, tó le koko, wá ń yọ lára gíláàsì àti lójú àwọn ewé tí kì í tètè dàgbà. Álígì ni àwọn àmì yẹn! Ohun tí wọ́n ń sá fún gan-an ló gba ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí wọ́n rí i, ṣe ni wọ́n tún fi kún èròjà tó ń fa fọ́sífétì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ewé púpọ̀ ti ṣègbé. Álígì kéré. Òmíràn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, òmíràn jẹ́ fọ́nrán tín-ín-rín, gbogbo ara rẹ̀ ló sì fi ń mu oúnjẹ láti inú omi. Ìwọ̀n fọ́sífétì tó máa tó o kéré débi pé ohun èlò ìwọ̀n tí à ń lò nílé kò lè rí i. Ewé tó ní gbòǹgbò, tó ní igi, tó ní ewé gbòòrò, nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ní ebi lòun máa fi lé álígì, ewé rẹ̀ ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Ewé tí ebi ń pa á jẹrà, á tú ohun tó wà lára rẹ̀ sínú omi, álígì á sì fi ṣe oúnjẹ. Oúnjẹ tí à ń bù fún ẹja lójoojúmọ́ náà kò ṣàìní fọ́sífétì nínú.

Ará Amẹ́ríkà kan ní California, Tom Barr, wà lára àwọn tó mú kí wọ́n tún inú rò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da fọ́sífétì sínú àpótí tí ewé kún dáadáa, tí gáàsì kábọ̀n àti náítíréètì tó nínú rẹ̀. Álígì kò wá. Ewé ló ń yára dàgbà. Ọ̀nà tí Barr fi lélẹ̀ kò le: da ajílẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ ju ohun tí ewé nílò lọ, kí o sì pààrọ̀ ìdajì omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí àṣẹ́kù má baà gbá jọ.

Ṣé Schindler parọ́ ni? Rárá o. Adágún ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lé e lórí tọ̀sán-tòru, ó sì ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tó fi lè fa kábọ̀n wọlé díẹ̀díẹ̀. Álígì tó ń léfòó ló sì ni àárín rẹ̀. Nínú àpótí, ewé gbingbin ló gba ibẹ̀, kò sì lè dúró de kábọ̀n tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹjọ́ tí àwọn olóṣẹ jẹ̀bi rẹ̀ létí adágún, pé kábọ̀n ni kí wọ́n mú, òun gan-an ló máa ń jàre nínú àpótí.

Omi tí kò sí ẹni tó ń fi gáàsì sí kì í sábà ní ju míligíráàmù díẹ̀ kábọ̀n-dàì-ọ́sáìdì lọ nínú lítà kan. Ìrìn gáàsì náà nínú omi sì fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 falẹ̀ ju ìrìn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ. Bí iná orí àpótí bá rọlẹ̀, ewé lè fara mọ́ ìwọ̀nba yẹn. Bí iná bá le, ewé á jẹ kábọ̀n náà tán kí ọ̀sán tó pọ́n, ìmọ́lẹ̀ tó bá kù di ti álígì. Ààrò mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀, kábọ̀n àti ajílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan ga ju ìyókù lọ, ọbẹ̀ rẹ̀ á dànù. Ìmọ́lẹ̀ ni àwọn èèyàn sì máa ń gbé ga jù, torí òun ló rọrùn láti rà.

Ewé kan wà tó yẹ kó kọ́ wa ní èyí, ilẹ̀ wa níbí ló sì ti wá. Charles Barter, onímọ̀ ewéko kan, bá ikọ̀ ìwádìí William Baikie wọ odò Ọya, ó ń kó ewé jọ títí ó fi kú ní Rabba nílẹ̀ Tápà ní 1859. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Anubias barteri, ewé tó ń hù lára òkúta àti gbòǹgbò igi létí àwọn odò inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Abẹ́ ibòòji ló mọ̀. Kì í yára dàgbà, ewé rẹ̀ kan sì máa ń pẹ́ púpọ̀ kó tó gbó. Gbé e sábẹ́ iná tó le, álígì á ti bo ewé rẹ̀ kó tó yọ òmíràn. Kò sí ajílẹ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe; iná ni kí o dín kù.

Ẹni tó bá fẹ́ fi gáàsì sí omi, kó ṣọ́ra gan-an. Nǹkan bí míligíráàmù 30 nínú lítà kan ni ọ̀pọ̀ ń fojú sùn. Tó bá pọ̀ jù, ẹja kò ní lè mí kábọ̀n ara rẹ̀ síta. Á máa gbé ẹnu sókè omi, á máa mí gúlegúle, kó tó kú. Ewé kì í jẹ kábọ̀n lóru, òun náà ń mí in síta ni. Nítorí náà, kí gáàsì ṣáájú iná ní bíi wákàtí kan, kó sì parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, bíi tiwa, ẹ má ṣe fi sílíńdà gáàsì tí kò ní ohun tí ń tì í fúnra rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì jáde nílé. Asẹ́ omi á ti dúró, gáàsì á ṣì máa wọlé.

Bí àpótí yín bá ń di àwọ̀ ewé, ẹ dín wákàtí iná kù sí mẹ́fà ná, kí ẹ wo kábọ̀n, kí ẹ rí i pé ewé ń jẹun. Fọ́sífétì ni kí ẹ fura sí kẹ́yìn.

Àmọ́ omi tí ẹ bá bù jáde ti kúrò ní ti àpótí, ọ̀rọ̀ adágún ti dé bá a. Ní 1984 ni wọ́tà háyásíǹtì, ewé tó ń léfòó lórí omi, gba apá Orílẹ̀-èdè Bìnì wọ omi Badagry, kò sì lọ mọ́. Omi tí ìdọ̀tí àti ọṣẹ kún ni ó fẹ́ràn. Ẹ má da omi àpótí tàbí ewé tí ẹ bá gé sínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ẹ sá ewé náà gbẹ sórí ilẹ̀, kí ẹ sì da omi náà sí ìdí ẹ̀fọ́.