Kí Ni Aláìlágbára Fi Ń Ṣẹ́gun?

Ìtàn ẹni tí a fojú di tí ó sì borí a máa dùn mọ́ ènìyàn nínú. Bí a bá sọ ọ́ tán, olùgbọ́ a ní orí ni ó gbè é. Ṣùgbọ́n orí nìkan ha tó bí? Àwọn àgbà tí wọ́n ní orí ẹni ni à-pé-sìn, àwọn náà ni wọ́n ní ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ogun Kírìjì tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbàdàn tí ó jẹ́ alágbára nínú ogun náà ti jẹ́ aláìlágbára rí. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àgọ́ lásán ni, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ kóra jọ sí lẹ́yìn ìparun Òwu. Ní ọdún 1840, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń dẹ́rù ba gbogbo ilẹ̀, Ìbàdàn ni ó ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹni tí ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀ fi di amúnisìn. Ó fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sì ń jẹ gàba lórí onílé. Ní ọdún 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀tẹ̀ sì gbilẹ̀.

Kí ni àwọn ìlú wọ̀nyí gbójú lé? Kò sí èyí tí ó tó Ìbàdàn nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Ìbàdàn sì ti ń ṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Èyí ni wọ́n rí tí wọ́n fi dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi Ògèdèǹgbé, ọmọ Iléṣà, ṣe olórí ogun, ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun ní Ìbàdàn gan-an. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni: àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó bá wọn wá ìbọn ìgbàlódé tí ó dára ju ti Ìbàdàn lọ. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín òkè ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

A kò lè yọ orí kúrò. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìlọrin ń bá Ìbàdàn jà lákòókò kan náà. Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, sì kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ṣùgbọ́n bí orí bá ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ni yóò gbé ènìyàn wọlé. Ká ní Èkìtì ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àǹfààní náà ì bá kọjá lórí wọn lásán.

Ẹnìkan lè wí pé ìṣẹ́gun wo ni èyí, nígbà tí Èkìtìparapọ̀ kò kó Ìbàdàn? Òótọ́ ni. Àdéhùn ni wọ́n ṣe ní 1886, pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́. Ní 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde ni wọ́n gbà. Wọn kò jáde láti sọ Ìbàdàn di ẹrú. Wọ́n jáde kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ wọ́n di ẹrú. Ibi tí ìṣẹ́gun aláìlágbára ti yàtọ̀ sí ti alágbára nìyí: bí alágbára kò bá borí, ó ti pòfo, bí a kò bá borí aláìlágbára, ó ti ṣẹ́gun.

Èyí kò sọ wọ́n di ẹni mímọ́. Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ ti ṣígun sí ilẹ̀ Àkókó ṣáájú ogun yìí, àwọn tí ó kó lẹ́rú kò sì lè pè é ní olùgbàlà. Nítorí náà, kì í ṣe ìyà tí ènìyàn jẹ ni ó ń sọ ọ́ di olódodo. Ìbàdàn bọ́ àjàgà lọ́rùn ara rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì gbé e kọ́ ọrùn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí aláìlágbára ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tó, kí ó má ṣe parí ìwádìí rẹ̀ sí ọjọ́ ìṣẹ́gun. Kí ó bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.