Àlùfáà Inú Odi Oguaa

Ní ìlú Cape Coast lórílẹ̀-èdè Gánà, èyí tí àwọn Fante ń pè ní Oguaa, odi funfun ńlá kan wà létí òkun. Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ mọ odi síbẹ̀ ní ọdún 1653. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìlú náà sì ni olú-ìlú ìjọba wọn ní Gold Coast títí di 1877. Ibojì Philip Quaque, ọmọ bíbí ìlú náà, wà ní àgbàlá odi yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò.

Ọdún 1741 ni wọ́n bí i. Ní 1754, wọ́n fi òun àti ọmọkùnrin méjì mìíràn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kẹ́kọ̀ọ́; nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló padà wálé. Ó di àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ní 1765, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí irú oyè bẹ́ẹ̀ kàn. Láti 1766 títí tó fi kú ní 1816, ó jẹ́ àlùfáà àwọn òyìnbó inú odi. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò sì de òwò ẹrú títí di 1807. Àwọn tó ń mú àlejò kiri ibẹ̀ a máa fi ilé ìsìn hàn wọ́n, wọn a sì sọ fún wọn pé túbú àwọn ọkùnrin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ní kí a má dá a lẹ́bi, pé bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. N kò gbà. Ṣé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè nínú túbú kì í ṣe ará ayé ìgbà náà ni? Ó mọ̀ pé ibi ni wọ́n ń ṣe sí òun. Kò dúró de àwa kí ó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni Quaque nígbà tí wọ́n mú un lọ. Nígbà tó fi máa dé, èdè Fante ti sọnù lẹ́nu rẹ̀, ògbufọ̀ ló fi ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí dùn mí jù. Àwọn oníṣòwò tó ni odi náà sì ń sanwó fún un. Ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀, àwọn baba wa ní, kò lè sọ òdodo.

Ẹ ó ní bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀, ọjà wọn kò ní tú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìjọ tó rán an láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń sanwó fún un, kì í ṣe àwọn oníṣòwò nìkan. Ó kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ níwèé, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìwé yẹn ni ì bá dì mú, kí ó kọ oyè àlùfáà odi sílẹ̀, kí ó sì jókòó ti àwọn ìbátan rẹ̀ títí èdè wọn yóò fi padà sí i lẹ́nu. Ilé wọn kò jìnnà sí ẹnubodè.