Ẹ̀tọ́ Ọmọ Nínú Ìrìn-àjò Òbí Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín.

Kò sí oṣù kan ní Ayépé yìí tí nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í wá bá wa lẹ́yìn ìrun pé kí a bá òun ṣàdúà, òun fẹ́ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ kéékèèké lọ sí òkè òkun. A máa ń ṣe é. Pé Mùsùlùmí lè rìnrìn-àjò nítorí arísìkí hàláálì kì í ṣe ohun tí a ń jiyàn lé lórí, àwa ará Ìjẹ̀bú pàápàá tí ọ̀nà òwò kò ṣàjèjì sí. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ bí a bá béèrè ìdí: “Nítorí àwọn ọmọ ni, Àlùfáà.”

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọmọ ọdún 4 kò lè sọ pé òun yóò lọ tàbí òun kò lọ. Òbí ni ó fọwọ́ sí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹni tí a bá sì ṣe ìpinnu lórúkọ rẹ̀ láì bi í, gbèsè ni a jẹ ẹ́. Àgbàfipamọ́ Ọlọ́hun ni ọmọ. Ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ kò lè ná an tán, kí ó tún ní nítorí nǹkan náà ni òun ṣe ń ná an.

Kì í ṣe òní ni àwọn onígbàgbọ́ òdodo ti ń kó ìdílé rìn. Láti ọdún karùn-ún tí Ànábì gba iṣẹ́ ìránṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún 615, ni àwọn sàhábà kan ti ń kúrò ní Mẹ́kà lọ sí ilẹ̀ Habaṣa, ní apá ibi tí à ń pè ní Ethiopia lónìí. Jáfárù ọmọ Abú Tọ́líbù àti ìyàwó rẹ̀, Asmáù ọmọ Umays, wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Abdullah, Muhammad àti Awn sí. Wọn kò padà títí di ọdún keje hijira. Nígbà tí wọ́n dé Mẹ̀dínà, Úmárù sọ fún Asmáù pé àwọn ti ṣáájú wọn nínú hijira. Inú bí i. Ó ní ilẹ̀ jíjìn ni àwọn wà, láàrin àwọn tí kò fẹ́ràn wọn, nígbà tí àwọn yòókù ń gbé lábẹ́ ìtọ́jú Ànábì. Ó gbé ẹjọ́ náà tọ Ànábì lọ, Ànábì sì dá a láre pé hijira méjì ni ti àwọn tó ti Habaṣa dé. Ẹ wo obìnrin yìí: kò ka ara rẹ̀ mọ́ ẹrù tí ọkọ dì. Ó mọ ohun tí ìrìn náà gbà lọ́wọ́ òun, wọ́n sì gbọ́ ọ. Mélòó nínú wa ló ti jókòó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè kí ó tó ta ilẹ̀?

Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba Ìlú Ọba ti ṣòfin pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ títọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣì lè mú wọn. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ti òkèèrè wá. Àwọn kan ti fi ìdílé sílẹ̀ lọ kí ó tó di ìgbà náà. A kò dá gbogbo wọn lẹ́bi. A mọ ohun tí náírà ti dà láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ìtàn fi yé wa pé Úmárù bi Háfúsà ọmọ rẹ̀ léèrè iye ìgbà tí obìnrin lè fara da àìsí ọkọ rẹ̀ nílé, ó sì fi òdiwọ̀n sí ìgbà tí ọmọ ogun lè pẹ́ lójú ogun: àwọn kan ní oṣù 4, àwọn mìíràn ní oṣù 6. Ojú ogun ẹ̀sìn nìyẹn o. Kí ni ẹni tó lọ nítorí owó oṣù yóò wí nígbà tí ọdún kẹta bá pé, tí ọmọ ń pe ìyá àgbà ní ìyá rẹ̀?

Ẹni tó kó wọn lọ náà kò tí ì bọ́. Bàbá ń ṣiṣẹ́ òru, ìyá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé, fóònù ni ó ń bá wọn tọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá wálé fún Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, àwọn èèyàn a máa ráhùn pé ọmọ kò gbọ́ Ìjẹ̀bú. Lójú tiwa, ìyẹn kọ́ ni ó burú jù. Èdè ṣe é kọ́ lágbà. Ọmọ ọdún 6 tí kò rí bàbá rẹ̀ bá jókòó kò lè padà di ọmọ ọdún 6. (Ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn tí nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tiwa ńkọ́? Ìwáàsí ọ̀tọ̀ nìyẹn.)

Nítorí náà, kí tọkọtaya jókòó kí wọ́n tó san owó físà. Ta ni yóò wà nílé nígbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé? Mọ́sálásí wo ló sún mọ́ ibi tí wọn yóò gbé, ta ni yóò sì mú ọmọ lọ sí ilé kéú? Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń lọ, oṣù mélòó? Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, a ó ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ fún ọmọ yín pé ọmọ lágbájá ti lọ, ẹ rọra. Bí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n jọ jẹun gbẹ̀yìn, àwọn àti àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ wa nìyí. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún yín àti fún gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin.