Bí Ògbufọ̀ Bá Purọ́

Nínú àwọn ìwé tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ààbò kọ̀ǹpútà kà, mi ò rí èyí tó kéré tó “Reflections on Trusting Trust” tí Ken Thompson kọ ní 1984, tó sì tún wúwo tó o. Ojú ìwé 3 péré ni. Èdè tí ènìyàn fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ gbọ́. Ògbufọ̀ kan, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní compiler, ló ń bẹ láàárín. Thompson fi hàn pé a lè kọ́ ògbufọ̀ yìí níwà méjì: bó bá ń túmọ̀ ètò tó ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà, kó dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sí i lára; bó bá sì ń túmọ̀ ògbufọ̀ tuntun tí yóò rọ́pò rẹ̀, kó kọ́ ọ níwà kan náà. Lẹ́yìn èyí, kí a pa iṣẹ́ ibi náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ tí ènìyàn fi kọ ògbufọ̀ náà. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ láti orí dé ìdí kò ní rí àléébù kankan, torí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti di ogún tí baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

A máa ń rò pé ohun tí a bá fojú ara wa yẹ̀ wò, a ti bọ́ lọ́wọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé ẹlòmíràn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Yíyẹ̀wò kì í pa ìgbẹ́kẹ̀lé run. Ńṣe ló ń sún un síwájú, láti ara ètò dé ara ògbufọ̀, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ gan-an. Ẹnìkan lè ní David A. Wheeler ti rí ojútùú rẹ̀ ní 2005: fi ògbufọ̀ mìíràn, tó wá láti ilé ọ̀tọ̀, túmọ̀ àkọsílẹ̀ ògbufọ̀ tí à ń fura sí, jẹ́ kí èyí tó jáde tún un túmọ̀, kí o wá fi àbájáde wé ti àtijọ́. Ọgbọ́n gidi ni, irú èyí tí àgbà ń lò bó bá ya ẹlẹ́rìí méjì sọ́tọ̀ kó tó bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n ó ṣì di dandan ká gbà pé àwọn méjèèjì ò gbìmọ̀ pọ̀. Ẹrù náà fúyẹ́ sí i ni, a ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní bí àkọsílẹ̀ bá wà ní gbangba, ojú púpọ̀ á tú àṣírí. Ṣùgbọ́n ní 2024, ẹnìkan tó ti fi iṣẹ́ rere ra ìgbẹ́kẹ̀lé fún ohun tó lé lọ́dún méjì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sínú xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Kì í ṣe òǹkàwé àkọsílẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Andres Freund, ni, nígbà tó rí i pé ìwọlé sínú kọ̀ǹpútà, ibi tí ilẹ̀kùn náà ti ń ṣiṣẹ́, fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í sì í ṣe olè ló ń wá.