Ta Ni Ẹnìkejì ní Tudu?



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Ó wà nínú Lúùkù 10:29, níbi tí amòfin kan ti bi Jésù léèrè ẹni tí ó yẹ kí òun fẹ́ràn bí ara òun. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ ni plesion. Láti inú ohun tí ó wà nítòsí ni ó ti wá. Ìbá ti rọrùn fún Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn lórí Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, láti pe ẹni náà ní aládùúgbò. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkejì ni ó wà nínú Bíbélì àtijọ́ wa.

Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Aládùúgbò ni ẹni tí a jọ ń gbé àdúgbò kan. A mọ ilé rẹ̀, a mọ ọmọ ẹni tí í ṣe, bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́la a óò tún rí i. Ṣùgbọ́n bí èmi bá jẹ́ ẹni kìn-ín-ní, ẹni yòówù tí ó bá dúró níwájú mi ni ẹnìkejì, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni a ó fi jọ wà. Tudu ni mo ti kọ́ ìyàtọ̀ yìí, owó ẹ̀kọ́ náà sì wọ́n.

Àárín gbùngbùn Accra, olú-ìlú Ghana, ni Tudu wà, nítòsí ọjà Makola. Ní èdè Haúsá, ilẹ̀ tí ó ga ni à ń pè ní tudu. Ìdíkọ̀ ńlá wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Aflao ní ẹnu ibodè Togo. Ènìyàn lè gbọ́ èdè Ga, Twi, Ewe, Haúsá àti Yorùbá kí ó tó rìn dé òpin rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí ń fi orí ru ẹrù, tí púpọ̀ nínú wọn ti apá àríwá Ghana wá, ni à ń pè ní kayayei. Kaya ni ẹrù lédè Haúsá. Yei ni àwọn obìnrin lédè Ga. Èdè méjì ni ó pàdé nínú orúkọ kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè rí bí iṣẹ́ ìhìnrere ti rí ní ìgboro. Obìnrin Yorùbá kan gbọ́ èdè wa, ó sì rí kọ́là ọrùn mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàdúrà fún mi. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti Lomé pé ọmọ mi wà ní ọsibítù.” Mo dá a lóhùn pé, “Ìyá, ẹ kú ìnira. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a máa ń ṣe ìsìn àdúrà.” Mo sì júwe ilé ìsìn náà fún un. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó sì yípadà sí ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn kayayei, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, sọ agbada ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú títí awakọ̀ fi pè é. Bí a ti ń padà, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, “Sà, iṣẹ́ wo gan-an ni a wá ṣe níbí?” N kò rí èsì fún un.

N kò bínú sí obìnrin náà. Ohun tí a kọ́ mi láti fún ènìyàn ni mo fún un. A ti kọ́ mi láti tọ́jú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọ. Ṣùgbọ́n gbèsè wo ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run jẹ ẹni tí kì yóò tún fojú kàn mọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé olùṣọ́-àgùntàn ni àlùfáà, pé kò sí bí ó ti lè bọ́ agbo tí kì í sùn sí ọgbà rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè rọ́pò ẹ̀kọ́, ìbẹ̀wò àti ìdàpọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ará Samáríà nì. Òun náà wà lójú ọ̀nà, kò sì jókòó ti ẹni tí a ṣá lọ́gbẹ́ títí láé. Ó di ọgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e dé ilé èrò, ó san owó, ó sì bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ. Àkókò díẹ̀ ni ó ní, ṣùgbọ́n ó lò ó tán fún ẹni náà. Òun náà sì nílò ilé èrò tí ó lè fi í sí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọ jẹ́. Kì í ṣe ògiri tí a fi ń ya tiwa sọ́tọ̀.

Ìtàn wa pẹ̀lú kọ́ wa pé aládùúgbò lè di èrò ọ̀nà lójijì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó kó ẹrù wọn, lára wọn sì ni àwọn oníṣòwò tí ó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ìlú púpọ̀ níbẹ̀. Àga ilé ìsìn ṣófo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà ṣe bákan náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù lára wọn. Títí di òní ni à ń pe àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ní “Ghana Must Go”. Òjíṣẹ́ tí kò mọ̀ ju aládùúgbò lọ, kí ni yóò wàásù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ṣe gudugudu méje: ti Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1898, Trinity ní Ghana láti 1942, Immanuel ní Ìbàdàn láti 1958. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dín Gíríìkì tàbí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìdíkọ̀ kún kíláàsì. Ní 1948, àwọn ọ̀dọ́ òjíṣẹ́ láti Union Seminary ní New York bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní East Harlem láàárín àwọn tálákà. Inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń ṣe ìsìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tiwa kọ́ bí a ti ń kí ènìyàn ní èdè ibi tí ó ń lọ. Kí ó kọ́ láti dákẹ́ kí ó gbọ́. Bí ó bá padà dé, kí a má bi í léèrè iye ọkàn tí ó jèrè, kí a bi í pé, “Ta ni o pàdé, kí ni ó sọ?” Kí a sì kìlọ̀ fún un pé kayayei kì í ṣe ìwé kíkà fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gba ìtàn lẹ́nu wọn, kí ó bá wọn sọ ẹrù.

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ọmọ obìnrin nì yè. Àdúrà tí n kò gbà ní Tudu ni mo ń gbà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú gbogbo, ní aago mẹ́fà. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí àwọn tí a ń kọ́ pẹ́ bí tiwa kí wọ́n tó mọ ẹnìkejì wọn.