Owó Ọkọ̀ àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìkejì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti wọ mẹ̀kúnnù lọ́rùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Èkó dín owó ọkọ̀ BRT kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. Àwa ńkọ́? Ọlọ́hun ka arìnrìn-àjò tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo mọ́ àwọn tí Sàká tọ́ sí (Súrátù Táobà, 60). Awakọ̀ inú wa, ẹ má ṣe fowó lé owó ọkọ̀ nítorí òjò. Ẹni tó ní mọ́tò, má ṣe dá jókòó kọjá ọmọ ìyá rẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní àsàlátù. Ẹ jẹ́ kí á máa fi sàráà wa san owó ọkọ̀ aláìní. Kí Ọlọ́hun gbà á ní ìjọ́sìn. Àmín.