Ta Ni Yóò Bi Alága Léèrè?

Tiransifọ́mà àdúgbò wa n'Íbàdàn jó lọ́dún 2022. A dúró de àwọn oníná títí (NEPA la ṣì ń pè wọ́n, bí ìjọba tilẹ̀ ti tà á fún àwọn oníṣòwò láti 2013), a ò rí wọn. Ni ẹgbẹ́ onílé bá pe ìpàdé, wọ́n bu owó lé ilé kọ̀ọ̀kan. Kò pé oṣù méjì tí iná dé. Mo yangàn níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ní ibi tí ọwọ́ ìjọba ò bá tó, ọwọ́ ẹgbẹ́ á tó o.

Ohun tí n kò sọ fún wọn ni ti ìyá ẹlẹ́kọ, opó tó wà ní ojúlé kẹta sí tèmi. Kò rówó san, ẹgbẹ́ sì ní kí wọ́n gé wáyà rẹ̀. Èmi náà nawọ́ sókè pé kí wọ́n gé e.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: àwọn ẹgbẹ́ tí ará ìlú fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ yìí, ṣé wọ́n sàn ju ìjọba tí à ń bú lọ lóòótọ́?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fojú kéré wọn o. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ló kọ́ wa. Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin alákọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n jọ kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n sì jókòó ti ààfin títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949. Òótọ́ ni pé ọba padà dé ní 1950, ṣùgbọ́n ìlú ti mọ̀ pé ẹlẹ́pà àti alákọ̀wé lè jọ jókòó lórí ẹní kan náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni agbára wọn wà.

Ẹ wá wo January 2012. Ìjọba gbé epo bẹntiróòlù láti náírà 65 sí 141 lọ́jọ́ ọdún tuntun. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án, èrò kún títì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, epo wálẹ̀ sí náírà 97, àwọn olórí sì ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Ta ló bi àwọn tó ti ń sùn sí títì léèrè? Lọ́dún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá SARS jà sọ pé àwọn ò ní olórí rárá. Ó dáa, kò sẹ́ni tí wọ́n lè fowó rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ká jókòó sọ̀rọ̀, ta ni yóò jókòó?

Nǹkan tó ń dùn mí jù kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Akápò ẹgbẹ́ onílé wa ti wà lórí oyè fún ọdún mọ́kànlá. Mo dìde ní ìpàdé, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ìṣirò owó tiransifọ́mà fún wa. Bàbá àgbà kan kọjú sí mi:

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé olè lo fẹ́ pè wá ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ gáfárà. Bàbá yìí kan náà kì í jí lọ́jọ́ kan kó má pe gómìnà lólè, ó sì fẹ́ kí èmi máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn! Àwa la ra tiransifọ́mà, àwọn oníná ló ń gbowó lórí rẹ̀, a ò sì bi wọ́n, nítorí ẹni tí kò lè bi akápò ilé rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi bi ti ìta?

Lọ́jọ́ kan, ìyá ẹlẹ́kọ rí mi lójú títì. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe.

"Akọ̀ròyìn, ẹ kú oríire iná o."

N kò rí èsì fún un. Mo lọ sílé, mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́: kí wọ́n ka ìṣirò owó, kí wọ́n sì dá iná ìyá náà padà kó máa san díẹ̀díẹ̀. Ẹni méjì péré ló tíì bá mi fọwọ́ sí i. Mo mú un lọ bá ìyá ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀. Ó wò ó títí, ó dá a padà fún mi. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà ẹgbẹ́.